Súkúrù Mẹ́sàn-án Tí Eruku Òwú Kò Kàn

A ti la páìpù páànù náà láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá la ẹja. Ó sùn gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, inú rẹ̀ ń dán lábẹ́ àtùpà.

"Ka súkúrù inú rẹ̀ fún mi, Lorne," ni Odile Marchildon, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti Sudbury wá, wí.

"Mẹ́sàn-án ni, ọ̀gá. Oríkèé mẹ́ta, mẹ́ta ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé láti Ọjọ́rú."

"Orí wọn lo kà nígbà náà. Wo ẹnu wọn báyìí."

Mo kúnlẹ̀. Ẹnu súkúrù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yọ sínú páìpù bí eyín ajá. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n ń kọ mànà.

"Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Èmi náà ò rí nǹkan kan. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Àjà ilẹ̀ Màmá Aune Rautio la wà, ní Pikku Bay, ọjọ́ Jímọ̀, òtútù ìta ti jìn débi pé imú ènìyàn ń dì bó bá ti mí èémí àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú ni Sirkka, ọmọ-ọmọ màmá náà, bá wọn lórí àtẹ̀gùn yìí, ojú wọn pọ́n kankan, wọn kò sì mọ ẹni tó ń pe orúkọ wọn. Ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ń yí lọ lẹ́yìn wọn. Gáàsì ni ẹ̀rọ náà ń jó, èéfín rẹ̀ sì ní olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Páìpù ló yẹ kó gbé èéfín náà jáde síta. Desmond Kakegamic ló ṣe páìpù ọ̀hún ní oṣù kọkànlá.

Ohun tí èmi àti òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò gáàsì bá lọ́sàn-án Ọjọ́rú kò dára rárá. Oníṣẹ́ páìpù kì í fi súkúrù de páìpù ẹ̀rọ amáṣọgbẹ, torí eruku òwú a máa há sí ẹnu súkúrù títí yóò fi dí ọ̀nà. Téèpù fàdákà ni wọ́n fi ń dì í. Páìpù yìí ní súkúrù mẹ́sàn-án, kò ní téèpù kankan, gbogbo oríkèé rẹ̀ ló sì kọjú sí ibi tí kò yẹ. "Iṣẹ́ ọ̀lẹ," ni òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò náà wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ mú Desmond nílé rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù orí yìnyín. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ wa. Màmá Aune kò tíì lajú nílé ìwòsàn láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá kú, ẹ̀sùn ìpànìyàn ló ń dúró de ọ̀rẹ́ mi. Àwọn àgbà ìlú ti ń pè é ní apààyàn ná.

Odile fi ìka kan ṣoṣo ra inú páìpù náà níbi tó ti wọ ògiri. Ìka náà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, eruku òwú tó rọ̀ bí irun etí ológbò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ yìí fi mí sínú páìpù yìí," ó ní. "Ògiri páìpù tó ń yọ̀ gba eruku. Súkúrù tó yọ ẹnu bí ìwọ̀ ẹja kò gba fọ́nrán kan. Báwo?"

"Bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é ni."

"Nígbà wo?"

"Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Màmá Aune ń gbẹ aṣọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́rú. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ti gbẹ kí wọ́n tó ṣubú. Fọ́nrán kan kò ní há sí ẹnu súkúrù mẹ́sàn-án nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin?"

Mo tún wo ẹnu súkúrù náà. Odile ń wò mí, ó ń dúró kí n fúnra mi dé ibẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, orí mi wú.

"Ẹ̀rọ yìí kò ṣiṣẹ́ rí láti ìgbà tí súkúrù wọ̀nyí ti wọlé," ni mo wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n dè wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé Màmá Aune jáde."

"Ẹ kú oríire, sájẹ́ńtì. Ẹ ti mú ẹni tí kò sí nílùú lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

Òótọ́ ni. Láti aago mẹ́sàn-án Ọjọ́rú títí di ìrọ̀lẹ́, Desmond wà ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wọn, ó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe lójú akẹ́kọ̀ọ́ ogójì. Èmi ni mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, torí mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan.

"Ibo wá ni èéfín gbà lọ́jọ́ náà, bí páìpù kò bá gbé e?"

Odile fi páìpù sílẹ̀. Ó rìn lọ síbi pẹpẹ tí Màmá Aune máa ń to ìgò jáàmù èso pupa wọn sí, ó sì fi ìka fa ìlà kan lórí ìdérí ìgò mẹ́fà léraléra. Ó na ìka náà sí mi. Eruku òwú aláwọ̀ búlúù ni ohun tó wà níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ìkùukùu. Nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, táwẹ̀lì búlúù méje ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, a kò ká a.

"Inú ilé níbí ló ń mí sí," ni Odile wí. "Ẹnì kan ti yọ páìpù náà kí wọ́n tó ṣubú. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú, ẹnì kan dá a padà."

*

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Sirkka ní kíá. Sirkka ń bá àwọn ènìyàn ta ilé, ó sì ti sọ létí mi rí pé ilé ìyá òun àgbà yìí ni ilé tó dára jù létí adágún.

A bá a nílé ìdáná ìyá rẹ̀ àgbà, kófì rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀.

"Ta ló yọ páìpù, Sirkka?" ni mo bi í.

"Páìpù wo? Ṣé èmi ni mo dà bí ẹni tó mọ páìpù ni?"

"O ní ìwọ lo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀rọ tó máa ń ké nígbà tí olóró bá wà nínú ilé. Mo tú u wò. Bátìrì ọdún mẹ́ta ni."

Ojú rẹ̀ ṣú. Ó kọ́kọ́ bínú, ó sì bú sẹ́kún.

"Mo gbàgbé! Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn? Ó wà nínú báàgì mi láti ọjọ́ Kérésì. Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!" Ó da báàgì náà sórí tábìlì. Bátìrì náà yí jáde láàárín ọ̀dà ètè àti kọ́kọ́rọ́, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. "Mo parọ́ torí ojú ń tì mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n ra ti gáàsì. Èmi náà ni mo gbàgbé bátìrì. Bí wọ́n bá kú, kí ni mo máa sọ fún ara mi?"

Odile ti bátìrì náà padà sí i jẹ́jẹ́. "Nígbà tí o tẹ̀lé ọkọ̀ ìwòsàn, ta ló wà nílé?"

"Gbogbo àdúgbò, màdáàmù. Àwọn panápaná ti pa gáàsì láti ìta, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n bá tiwọn lọ. Mi ò ti ilẹ̀kùn. Ta ló ń ti ilẹ̀kùn níbí?"

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ọ̀gá, ó mọ irọ́ pa o."

"Ó mọ̀ ọ́n pa. Ṣùgbọ́n wo èékánná gígùn rẹ̀ yẹn, Lorne. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹn tú páìpù páànù láìní ọgbẹ́ kan, mo kí i."

*

Bí mo ṣe ń retí pé yóò pe Desmond sí yàrá ìbéèrè, ó ní kí n mú un wá sí gáréèjì ẹ̀yìn ọ́fíìsì, kí n sì kó àpótí iṣẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú.

Desmond wọlé, irùngbọ̀n ọjọ́ méjì lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sájẹ́ńtì. Oúnjẹ yín kò dùn, ibùsùn yín le. Ta ló ń ṣọ́ ilé fún wa lọ́la?"

"Pekka."

"Pekka! Kí ẹ kúkú gbé àga síbẹ̀. Àga kì í dójú tini."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Odile sì rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ amáṣọgbẹ àtijọ́ kan tó ti wà nígun gáréèjì láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àti ihò kan tó wà lára ògiri. "Màá fẹ́ kí o ṣe páìpù láti ibí dé ibẹ̀ fún mi. Ṣe é bí o ṣe ń ṣe é. Má sọ nǹkan kan àyàfi tí mo bá bi ọ́."

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ti rí Desmond lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì wò ó rí. Ó fi okùn ìwọ̀n wọn àyè náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sórí páànù tí wọn kò tíì pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, tó ṣì ṣí sílẹ̀ bí ìwé tí wọ́n ká díẹ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí páànù. Ibi ẹnu tó tẹ́jú ló ti gé e, kò fọwọ́ kan ẹnu kejì, èyí tó hunjọ wẹ́wẹ́ bí etí yẹ̀rì. Páànù náà ń ké wíí, ìlà gígé náà sì tọ́ bí ẹni pé omi ló gé e. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dún kà, kà, kà, kà, ohun tó jẹ́ pẹlẹbẹ sì di páìpù lójú wa. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀nà dídán kan ti gbéra láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó tẹ ìgbọ̀nwọ́, ó wọ ògiri. Kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀. Mo rí i pé mo ti ń mí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí ló dé tí ẹnu tó hunjọ fi kọjú síta nígbà gbogbo?" ni Odile bi í.

"Ṣé ẹ ń fọwọ́ pa ológbò, màdáàmù? Ṣé láti orí lọ sí ìrù àbí láti ìrù lọ sí orí?"

"Láti orí."

"Òwú náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó hunjọ wọ inú ẹnu tó tẹ́jú, ó sì ń tẹ̀ lé ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí òwú má bàa rí etí kan tí yóò fi ara kọ́. Bí ẹ bá yí i padà, gbogbo oríkèé ni yóò máa mú un lẹ́sẹ̀."

Odile kó àwòrán páìpù Màmá Aune lé e lọ́wọ́. "Bí ọtí bá ń pa ọ́, bí ó sì ń kán ọ lójú, ṣé ìwọ lè ṣe èyí?"

Mo rò pé yóò bínú. Ó gbé àwòrán náà súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó ṣe èyí kì í ṣe ọ̀lẹ o," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ wo àyè tó wà láàárín súkúrù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba bí ẹsẹ̀ àga. Ọ̀lẹ á fi ẹyọ kan, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹnu páìpù ògiri: ó tún un hunjọ kí ó lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀mú tí mo fi ń hun ẹnu páìpù jọ ní eyín márùn-ún. Eyín mẹ́ta ló ṣe èyí. Màdáàmù, iṣẹ́ gidi ni. Gbogbo rẹ̀ pátá ni kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni."

Odile kò wo Desmond, kò wò mí. Ó ń wo ẹ̀yìn wa, níbi tí ààrò onígi tó ń mú gáréèjì gbóná wà. Ó rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Páìpù èéfín dúdú kan jáde lórí ààrò náà, ó lọ títí dé òrùlé. Ó ka súkúrù oríkèé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìka. Mẹ́ta, wọ́n dọ́gba. Oríkèé kejì: mẹ́ta. Ó tẹ orí ba, ó wo ẹnu tó hunjọ. Ìsàlẹ̀ ló kọjú sí, síbi iná.

"Kí ló dé tí ti ààrò fi yàtọ̀?" Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

"Ọ̀dà èéfín ni," ni Desmond dáhùn. "Ó máa ń ṣàn padà wálẹ̀ nínú páìpù. Bí ẹnu tó hunjọ bá kọjú sókè, ọ̀dà náà á jò jáde sí ara ògiri. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n níbí, ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Ẹnu tó hunjọ sí..." Ó dúró. Ó tún wo àwòrán ọwọ́ rẹ̀. "Háà!"

Ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà mí. Láti Ọjọ́rú ni ẹni náà ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára páìpù yẹn ní ìgbà mẹ́sàn-án. Mo sì kà á, mo pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ.

"Ọwọ́ rẹ̀ kò bi í léèrè," ni Odile wí. "Ìbẹ̀rù mú un, ó ń kánjú, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti àádọ́ta ọdún. Lorne, ta ló ń fi páìpù ààrò ṣiṣẹ́ jẹun ní ìlú yìí, tó sì ń gbé níbi tí ó ti lè wọ ilé Màmá Aune láìsí ẹni tí yóò bi í ní ohun tó wá ṣe?"

Mo mọ ìdáhùn náà. Mi ò fẹ́ sọ ọ́.

"Bàbá Eino Salmela," ni mo wí. "Wọ́n ń ṣe ààrò fún sáúnà, ilé ooru tí a ti ń wẹ̀ níbí. Ojúkojú ni ilé wọn àti ti Màmá Aune. Àbúrò wọn ni Màmá Aune."

*

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Bàbá Eino, ọwọ́ wọn sì tóbi bí ṣọ́bìrì. Wọ́n gbé kófì fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù wọn kí a tó jókòó, wọ́n gé búrẹ́dì aládùn sí i. Ààrò sáúnà mẹ́rin dúró lórí ìlà, wọ́n dúdú, wọ́n rẹwà, ẹ lè rí ojú ara yín nínú ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ dákun, Bàbá," ni Odile wí, "mo ní ìṣòro kékeré kan nílé. Páìpù ẹ̀rọ amáṣọgbẹ mi ti já. Ṣé ẹ lè bá mi so méjì yìí pọ̀?" Ó tẹ́ páìpù méjì sórí tábìlì iṣẹ́. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọwọ́ òsì yín yìí ni ẹ̀rọ wà."

"Ìyẹn náà ni iṣẹ́ tí ọlọ́pàá méjì ń gbé kiri?"

"Ọlọ́pàá kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn gbé páìpù méjèèjì, ó yí wọn, ó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹnu tó hunjọ kọjú sí ọwọ́ òsì. Wọn kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ń bi Odile bóyá òpópónà ti mọ́ láti Sudbury wá, ọwọ́ wọn sì ti wọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́, ó ti mú súkúrù mẹ́ta jáde, ó ti de ọ̀kan, ó ti de èkejì. Mi ò rí ọwọ́ tó yára tó tún balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Súkúrù kẹta kò wọlé. Ọwọ́ náà dúró lókè. Bàbá Eino wo páìpù tó wà níwájú wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é.

Lára ògiri lẹ́yìn wọn, láàárín irinṣẹ́ ogún, ẹ̀mú kan wà níbẹ̀ tó ní eyín mẹ́ta.

"Mo ti ń yí páìpù wọn sínú ilé láti ìgbà tí ọkọ Aune ti kú," ni wọ́n wí. "Gbogbo àwọn opó. Bí òtútù bá ti le, ta ni yóò máa da ooru síta? Ẹ̀rọ iná mànàmáná kì í pa ènìyàn. Ó kàn máa ń jẹ́ kí fèrèsé làágùn ni."

"Ẹ kò mọ̀ pé Màmá Aune ti ra ti gáàsì."

"Àpótí funfun ni ti tẹ́lẹ̀, àpótí funfun ni ti ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo yọ páìpù náà nínú òkùnkùn. Ojú mi kò ríran bíi tàná mọ́, ọwọ́ mi ló ń bá mi ríran." Wọ́n gbé súkúrù kẹta sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Nígbà tí panápaná dárúkọ gáàsì, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àtùpà. Mo rí okùn gáàsì náà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo rò pé bí páìpù bá ti padà sí ipò rẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo pa àbúrò mi. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni mo fẹ́ tàn jẹ, ìyá mi. Ara mi ni."

"Wọ́n ti mú ọmọ Kakegamic."

"Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ kejì."

Bàbá Eino gbé ojú sókè. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ kejì," ni wọ́n wí.

Odile bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ńlá náà. "Màmá Aune ti lajú, Bàbá. Nọ́ọ̀sì pè mí kí a tó débí. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ wo Eino, pé kò ní tíì jẹun."

Mo yíjú sí fèrèsé. Ohun kan wà tí kò yẹ kí sájẹ́ńtì máa wò.

*

Iwájú tábìlì mi ni wọ́n ti pàdé. Desmond ń gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà, Bàbá Eino dúró, fìlà wọn lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ìwọ lo dì í dáadáa. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé téèpù rẹ, bí mo ṣe ń yí páìpù gbogbo àwọn opó sínú ilé nígbà òtútù. Mo sì jẹ́ kí o sun ibí."

Mo dúró kí ó bú wọn. Mo rò pé ó ní ẹ̀tọ́ sí i, mo sì ti múra láti gba tèmi lẹ́yìn tiwọn. Desmond kàn ń wò wọ́n. Ó rọra fún ojú pọ̀, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

"Gbogbo àwọn opó, ẹ ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àti Lempi Harju?"

"Lempi ni mo kọ́kọ́ ṣe, lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni tiẹ̀. Lempi kò lè ra nǹkan tuntun, ọmọ yìí, eyín àtọwọ́ṣe tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń lò."

"Èmi ni mo gbé tuntun síbẹ̀, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti Màmá Aune. Gáàsì ni."

Ọjọ́ wo ni òní? Kò sí ẹni tó bèèrè, torí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀la ni ọjọ́ sáúnà. Kò sí ìyá kan ní Pikku Bay tí kì í fọ táwẹ̀lì lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo fi rédíò pe panápaná bí mo ṣe ń wa ọkọ̀, Odile, Desmond àti Bàbá Eino nínú rẹ̀. Desmond ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Màmá Lempi ṣí ilẹ̀kùn fúnra wọn, wọ́n di orí mú, síbí igi wà lọ́wọ́ kejì.

"Kí ni gbogbo ariwo yìí? Orí ń fọ́ mi láti àárọ̀, ẹ tún wá ń—"

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gbé wọn lé èjìká, mo sì gbé wọn jáde sínú yìnyín pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fi síbí nà mí lẹ́yìn.

"Olè! Lorne Tuckett! Mo mọ ìyá rẹ o!"

"Ẹ máa nà mí, Màmá. Ẹ ṣáà máa mí."

Desmond di ẹ̀mí mú, ó wọlé, ó pa ẹ̀rọ, ó dí gáàsì, ó la fèrèsé. Nígbà tí àwọn panápaná fi ẹ̀rọ wọn wọn àjà ilẹ̀ náà, ọ̀gá wọn wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, ó sì bọ́ àṣíborí rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ táwẹ̀lì kan péré ló kù tí màmá náà ì bá tún gbé sọ̀kalẹ̀ lọ gbẹ.

Wákàtí kan kọjá kí wọ́n tó ní ibẹ̀ ti mọ́. Nọ́ọ̀sì ti yẹ Màmá Lempi wò, ó ní kí wọ́n jókòó nínú ọkọ̀, wọ́n kọ̀. Desmond sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Eino dúró lórí àtẹ̀gùn òkè, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ọwọ́ sí.

"Bàbá," ni Desmond pè láti ìsàlẹ̀. "Ẹ máa bọ̀. Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú, kó má yẹ̀."

"Ẹjọ́ ṣì wà o," ni mo rán Odile létí lábẹ́lẹ̀.

"Ẹjọ́ ṣì wà," ló dáhùn. "Ẹjọ́ kì í sá lọ."

Ọwọ́ ńlá náà di páìpù mú, kò mì. Ọwọ́ kékeré fi téèpù fàdákà yí oríkèé ká, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó parí, Desmond tan ẹ̀rọ náà, ó ní kí gbogbo wa jáde lọ wò ó láti ìta.

A dúró nínú yìnyín lẹ́yìn ilé Màmá Lempi, oòrùn ti ń wọ̀ lórí adágún. Ní àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ìdérí kékeré ara ògiri gbọ̀n, ó gbé ara rẹ̀ sókè, èémí funfun kan sì jáde. Ó nípọn, òórùn ọṣẹ sì wà lára rẹ̀. Nínú òtútù tó le bẹ́ẹ̀, kò tú ká. Ó gùn gbọọrọ bí igi, ó kọjá òrùlé, ó kọjá orí igi, oòrùn sì kùn ún ní pupa. Gbogbo ohun tí ì bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró arúgbó kan ló ń gòkè lọ níwájú wa. Bàbá Eino bọ́ fìlà wọn.

"Ooru mi nìyẹn!" ni Màmá Lempi kígbe, síbí wọn sì nà sókè. "Ẹ wò ó, ooru mi ló ń lọ yẹn!"

"Jẹ́ kó lọ, Lempi," ni Bàbá Eino wí, omi ojú wọn ti ń dì lẹ́rẹ̀kẹ́. "Jẹ́ kó máa lọ."